Páìǹtì Mélòó Ló Ti Wọlé?

Ẹ dúró níwájú ìsọ̀ alápatà láàárọ̀ Sátidé, kí ẹ máa gbọ́ ohun tí àwọn oníbàárà ń bèèrè. Ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀ àlejò á ní kí wọ́n gé itan fún òun. Ẹni tó ń ṣọ́wó ná á mú ṣàkì àti pọ̀nmọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹni tó ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀dọ̀ lòun fẹ́, tí kò sì wo iye tí wọ́n dá lé e, ó ṣeé ṣe kí aláboyún wà nílé rẹ̀, tàbí abiyamọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣòfò nígbà ìkúnlẹ̀, tàbí ọmọ tí dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Àwọn ìyá wa kò dúró de ìwé ìṣègùn kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ a máa fúnni lẹ́jẹ̀. Òótọ́ sì ni wọ́n mọ̀.

Inú ẹ̀dọ̀ ni màlúù ń tọ́jú irin rẹ̀ sí. Irin gan-an là ń wí, ọmọ ìyá èyí tí alágbẹ̀dẹ ń rọ, àfi pé ó kéré débi tí ojú kò lè rí i. Òun ló fún ẹ̀jẹ̀ ní àwọ̀ pupa, òun ló ń di afẹ́fẹ́ tí a mí sínú mú, tó ń bá ẹ̀jẹ̀ gbé e dé ọpọlọ, dé iṣan, dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Èyí tí ara kò bá tíì rílò, ẹ̀dọ̀ ló ń kó o pamọ́ de ọjọ́ mìíràn. Bó ṣe rí lára màlúù náà ló rí lára ọmọ ènìyàn: ẹ̀dọ̀ wa ni àká irin wa. Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí àwọn tí àká wọn ti kún àkúnya, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣí i wò.

Gbogbo irin tó wà lára àgbàlagbà kò ju gíráàmù 3 sí 4 lọ. Ìṣó kan ṣoṣo nínú àpò káfíńtà lè wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójúmọ́, ara ń gba nǹkan bíi mílígíráàmù 1 sí 2 láti inú oúnjẹ, iye yẹn náà ló sì ń pàdánù, nínú awọ tó ń ṣí, nínú ìgbẹ́, nínú nǹkan oṣù obìnrin. Ẹlẹ́dàá ṣe ẹnu ọ̀nà kan tí irin ń gbà wọlé láti inú ìfun, ó sì fi olùṣọ́ síbẹ̀: èròjà kan tí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe, hepcidin lorúkọ rẹ̀, òun ló ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí irin bá pọ̀, òun ló ń ṣí i nígbà tó bá dín. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá kò ṣe ọ̀nà àbájáde. Ara kò mọ bí yóò ṣe lé irin tó pọ̀ jù jáde. Èyí tó bá ti wọlé ti wọlé nìyẹn.

Wàyí o, páìǹtì ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n fà sí ènìyàn lára, mílígíráàmù irin 200 sí 250 ló wà nínú rẹ̀. Kò gba ọ̀dọ̀ olùṣọ́ kọjá. Ojú iṣan ló gbà wọlé. Ẹni tó bá ń gba páìǹtì kan lóṣooṣù yóò ti kó irin tó lé ní gíráàmù 2 jọ kí ọdún tó yípo, bẹ́ẹ̀ ohun tí ara rẹ̀ lè dà nù láàárín ọdún náà kò pé gíráàmù kan. Ẹni tó bá ti gba ogún páìǹtì látìgbà èwe rẹ̀, irin tó gba ojú iṣan wọlé ti tó èyí tó yẹ kó wà ní gbogbo ara àgbàlagbà, àfikún sórí tirẹ̀ tó ti wà ńlẹ̀.

Ta ló wá ń gba ogún páìǹtì? Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ni, àwọn tí à ń pè ní SS. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí wọn jù lọ láyé. Iye tí àwọn elétò ìlera sábà máa ń dá ni nǹkan bí 150,000 ọmọ lọ́dọọdún. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó gbó. Tiwọn kì í sábà ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Ó ń tẹ̀ kòrókòró bíi dòjé, ó ń há sínú iṣan tín-ín-rín, ó ń fọ́. Mùdùnmúdùn inú egungun ń ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó láti rọ́pò rẹ̀, síbẹ̀ PCV (ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀) tó jẹ́ 38 lára ọmọ aládùúgbò, 22 tàbí 25 ni tiwọn lọ́jọ́ tí ara wọn dá ṣáṣá. Bí ibà bá wá gbé wọn dè, PCV á já wálẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ á funfun, wọ́n á máa mí gúlegúle. Ní wákàtí yẹn, ẹ̀jẹ̀ ni oògùn, kò sí òmíràn.

Àìsàn mìíràn wà tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, thalassaemia, tó wọ́pọ̀ ní ìlú àwọn ará Kípírọ́sì, Gíríìsì àti Ítálì, àti ní apá Éṣíà. Ọmọ tó bá ní èyí tó le jù nínú rẹ̀ kò lè dàgbà láìgba ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ síra. Lára wọn ni àwọn dókítà ti kọ́ ohun tí irin lè ṣe, ẹ̀kọ́ tó ná aráyé ní ọ̀pọ̀ ẹ̀mí: ẹ̀jẹ̀ mú àwọn ọmọ náà kọjá ìgbà èwe, irin sì dá ọkàn wọn dúró kí wọ́n tó gbádùn ìgbà ọ̀dọ́.

Lára SS, ọ̀tọ̀ ni bí nǹkan ṣe ń lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù. Ìgbà tí wàhálà bá dé ni wọ́n ń gbà á. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí dókítà fi lè ní kí ọmọ máa gbà á déédéé láìdáwọ́ dúró, ìyẹn ni rọpárọsẹ̀. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan, nǹkan bí ọmọ SS kan nínú mẹ́wàá ni rọpárọsẹ̀ lè mú kó tó pé ogún ọdún. Lọ́dún 1998, ìwádìí kan láti Amẹ́ríkà fi hàn pé bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan orí ọmọ, tí wọ́n sì ń fa ẹ̀jẹ̀ sí èyí tí tirẹ̀ ń sáré jù lára lóṣooṣù, ewu náà ń dín kù tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Inú gbogbo ayé dùn. Lọ́dún 2005, àwọn kan náà tún padà wá sọ pé bí wọ́n bá dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró, ewu ọ̀hún ń padà. Ẹni tó bá ti gun ẹṣin yìí kò rọrùn fún un láti sọ̀ kalẹ̀, irin sì ń kún lẹ́yìn rẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn dókítà ọmọdé ní UCH, Ìbàdàn, náà ti dán irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ wò láàárín àwọn ọmọ wa, wọ́n sì gbé ìròyìn ọdún márùn-ún rẹ̀ jáde lọ́dún 2013. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó là ń sọ.

Kí wá ni irin ń ṣe nínú àká? Fún ìgbà díẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀dọ̀ ní sùúrù púpọ̀. Ó ń di irin náà sínú ẹrù kéékèèké, ó ń tò ó jọ. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá kọjá agbára rẹ̀, irin tí kò rí ibi dúró á bẹ̀rẹ̀ sí rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí irin àti afẹ́fẹ́ ń ṣe síra wọn nígbà tí wọ́n bá pàdé: àdá tí a gbàgbé síta lálẹ́ á dógùn-ún. Nínú ara, ìpàdé kan náà ń bí èròjà tó ń jó sẹ́ẹ̀lì. Ibi tó bá jó, ara á fi àpá dí i. Àpá lórí àpá, ẹ̀dọ̀ tó rọ̀ bí ẹ̀dọ̀ á wá di ohun tó le, tó rí kókó-kókó, tí ẹ̀jẹ̀ kò lè gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa mọ́. Lẹ́yìn èyí ni ikùn á bẹ̀rẹ̀ sí kún fún omi, tí wọ́n á máa wí nílé pé wọ́n ti ṣe é ní nǹkan. Nínú àwọn mìíràn, jẹjẹrẹ ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Irin náà kì í dúró sí ẹ̀dọ̀ nìkan: ó lè wọ inú ọkàn, ó lè ba ẹ̀yà ara tó ń ṣàkóso ṣúgà jẹ́, ó lè mú kí ọmọ pẹ́ kó tó bàlágà. Lára SS, ẹ̀dọ̀ ló ń jẹ púpọ̀ nínú ìyà náà. Ọkàn tiwọn kì í sábà tètè kó o bíi ti oníthalassaemia.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí burú ni pé kì í dunni. Egungun SS a máa dun ún débi tí àwọn ará ilé kò fi ní sùn. Ẹ̀dọ̀ tí irin ń jẹ, jẹ́jẹ́ ló jókòó. Àmì kan tí ojú ì bá rí, ìyẹn ojú tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ti wà lára SS látilẹ̀wá nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń fọ́. Ìyá ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọmọ rẹ̀. Bó bá wá pọ́n jù ti àtẹ̀yìnwá lọ, wọ́n á ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, wọ́n á gbé àgbo kaná. Bẹ́ẹ̀, kòkòrò àrùn hepatitis B, tí kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa, lè ti máa jẹ ẹ̀dọ̀ kan náà lápá kejì.

Ibi tí inú ti ń bí wa ni pé ohun tó ń fa gbogbo èyí ṣeé kà. Ẹ̀jẹ̀ kì í dédé wọ ara ènìyàn. Dókítà ló ń kọ ọ́, báńkì ẹ̀jẹ̀ ló ń tú u sílẹ̀, nọ́ọ̀sì ló ń so ó kọ́, ìdílé ló ń san owó rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ilé ìwòsàn ń fúnni, bóyá ni òmíràn wà tí àwọn ènìyàn púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ń fọwọ́ sí ìwé lé lórí. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń ro ó pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dọ́mọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 24. Ìlọrin ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára nígbà tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Bàbá rẹ̀ gba ìyípadà iṣẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta, ó tún gbà á níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó wọ yunifásítì, ó gbà á ní ilé ìwòsàn aládàáni tó wà nítòsí ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ó ṣe agùnbánirọ̀, ó gbà á níbi tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Ilé ìwòsàn mẹ́rin, kàádì mẹ́rin. Ọ̀kan ti sọnù, òjò ti wọ ọ̀kan, ilé ìwòsàn kan ti kógbá sílé. Bí dókítà tuntun bá bi í léèrè pé páìǹtì mélòó ló ti gbà láyé, á wojú ìyá rẹ̀. Ìyá á ronú díẹ̀, á ní: “Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti fà sí ọmọ yìí lára, ó pọ̀ o, dókítà.” Dókítà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti gba ẹ̀jẹ̀ “lọ́pọ̀ ìgbà”. Ibẹ̀ ni ìṣirò náà parí sí.

Àwọn ìyá tí à ń wí yìí kan náà ni wọ́n tọ́jú kàádì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wọn sínú ọ̀rá, sábẹ́ àpótí, láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n fi lè fi hàn lọ́jọ́ tí ọmọ fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́. Bí ìjọba bá fún wọn ní kàádì ẹ̀jẹ̀, wọ́n á tọ́jú rẹ̀. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: déètì, ilé ìwòsàn, iye páìǹtì, ìdí tí wọ́n fi fà á, àti àbájáde àyẹ̀wò irin nígbà tí wọ́n bá ṣe é. Nígbà tí iye rẹ̀ bá ń sún mọ́ mẹ́wàá, kí ọkàn dókítà má balẹ̀ mọ́. Bó bá di ogún, kò tún sí ìdí láti fi àyẹ̀wò falẹ̀.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àyẹ̀wò, ẹ jẹ́ ká yà sí ilé ìtajà oògùn tó wà ní ìkòríta. Omi pupa adùn-bí-oyin tó wà lórí pẹpẹ níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní oògùn ẹ̀jẹ̀, irin ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ó wúlò fún aláboyún tí irin rẹ̀ kò tó. Fún SS tó ti gba ẹ̀jẹ̀ láìmọye ìgbà, kí ló ń wá? Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ kò tó nítorí pé ó ń fọ́, irin kọ́ ló ṣaláìní. Ńṣe ni irin tó wà nínú èyí tó fọ́ tún ń padà sínú àká. Folic acid ni àwọn ilé ìtọ́jú SS ń fún wọn lójoojúmọ́, oògùn kékeré olówó pọ́ọ́kú, kò sí irin nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyá á wá kí aláìsàn, á mú ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ méjì dání, nítorí ìfẹ́. A kò bínú sí i. Àwọn tó ta ìgò náà fún un láìbèèrè ẹni tó fẹ́ lò ó la ń bá wí.

A gbọ́dọ̀ sọ èyí yékéyéké kí wọ́n má baà gbọ́ wa sódì: oúnjẹ kọ́ ni ọ̀tá. Kí ẹnikẹ́ni má gba ẹ̀dọ̀, ẹ̀wà tàbí ewé ugu lẹ́nu ọmọ SS. Ṣíbí ni oúnjẹ fi ń bu irin sí ara, lábẹ́ ojú olùṣọ́. Garawa ni àpò ẹ̀jẹ̀ fi ń dà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni a rí SS tí irin tirẹ̀ kò tó ní tòótọ́, pàápàá ọmọ tí kò rí oúnjẹ jẹ kánú, tí kò sì tíì gba ẹ̀jẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí lábù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ra ìgò.

Àyẹ̀wò tó rọrùn jù ni fẹ́rítìn, tí wọ́n ń ṣe láti inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Bó bá kọjá 1,000, tó sì dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ fẹ́rítìn ní àléébù kan: bí ara bá gbóná, bí kíráísìsì, ìyẹn ìrora SS tó ń dé lójijì, bá ń lọ lọ́wọ́, ó máa ń ga sókè láìjẹ́ pé irin pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ṣe é lórí ibùsùn àìsàn lè dẹ́rù bà ara rẹ̀ lásán. Ọjọ́ tí ara bá dá ni kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n sì máa tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kí wọ́n wo ibi tó ń lọ. Skáànù lásán tó wọ́pọ̀ láàárín ìgboro kò lè sọ iye irin tó wà nínú ẹ̀dọ̀.

Láyé àtijọ́, abẹ́rẹ́ gígùn ni wọ́n fi ń gé ẹ̀dọ̀ bíńtín, tí wọ́n á gbẹ ẹ́, tí wọ́n á wọn irin inú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tó dára kì í ní ju mílígíráàmù 1.8 nínú gíráàmù kan tó gbẹ. Bó bá ti ju 7 lọ, ewu wà. Bó bá ju 15 lọ, kí wọ́n yára. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ẹ̀rọ MRI ti ń ka irin náà láìgún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, nítorí pé irin máa ń da agbára òòfà inú ẹ̀rọ náà rú, bó bá ṣe pọ̀ sí ni àwòrán ẹ̀dọ̀ ń ṣókùnkùn sí. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá a lábàá lọ́dún 2020 pé kí SS tó ń gba ẹ̀jẹ̀ déédéé máa ṣe é lọ́dún kan sí méjì síra. Ẹ̀rọ MRI wà ní Èkó, ó wà ní Ìbàdàn. Orí àti ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń wò jù. Kí ẹ̀rọ kan náà tó lè ka irin, ètò kọ̀ǹpútà àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ló kù, owó rẹ̀ kò sì tó ti ẹ̀rọ tuntun. Èyí jẹ́ iṣẹ́ tí ilé ìwòsàn ńlá kan lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún kan bó bá fẹ́.

Bí irin bá pọ̀, oògùn wà. Èyí tó pẹ́ jù, deferoxamine, inú kòkòrò kékeré kan tó ń gbé nínú ilẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Kòkòrò náà ń lò ó láti ṣa irin jẹ nínú yẹ̀pẹ̀. Láti ọdún 1968 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i. Lílò rẹ̀ le: abẹ́rẹ́ sábẹ́ awọ ikùn, ẹ̀rọ tó ń tì í wọlé díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 8 sí 12, alẹ́ márùn-ún sí méje lọ́sẹ̀. Ìtọ̀ ẹni tó ń lò ó lè pọ́n bí omi osùn, ìyẹn ni irin tó ń jáde. Ẹ fojú inú wo ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ní kó máa sùn báyìí títí ayé, nílé tí iná mànàmáná kò dá lójú. Oògùn mímu dé lẹ́yìn rẹ̀: deferiprone, tí Yúróòpù fọwọ́ sí lọ́dún 1999, àti deferasirox, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2005, tí wọ́n ń mu lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Kò sí èyí tó jẹ́ oògùn ìràwọ́sí nínú wọn. Ọ̀kan lè dín sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà kù lójijì, èkejì lè ṣe kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ léṣe. Lábẹ́ ojú dókítà, pẹ̀lú àyẹ̀wò léraléra, ni wọ́n ti ń lò wọ́n. Owó wọn, àti ti àyẹ̀wò tó ń tẹ̀lé wọn, kọjá ohun tí olùkọ́ tàbí aláṣọ òkè lè máa san lóṣooṣù látinú àpò ara rẹ̀.

Àwọn kan á ní ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lépa eku. A mọ ohun tí wọ́n ń wí. Bàbá tó ń sáré kiri láago méjì òru láti wá dónọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti ọmọ rẹ̀ mu, bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀ irin, ó lè bú yín. Ó sì gbọ́dọ̀ wá ẹ̀jẹ̀ náà. Àìtó ẹ̀jẹ̀ lè pa ọmọ láàárín wákàtí. Irin ń gba ọdún. Bí ìyá kan bá ka ọ̀rọ̀ wa tán tó wá kọ ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí PCV rẹ̀ wà ní 11, ó ti ṣì wá lóye pátápátá. Ṣùgbọ́n àwọn tí a yọ nínú iná ń pọ̀ sí i. Ọmọ SS tó jẹ́ pé nígbà kan ẹnikẹ́ni kò retí kó dàgbà, ó ti ń di ẹni ogójì, àádọ́ta ọdún lónìí; ó ń ṣe bánkà, ó ń ṣe ìyàwó ilé, ó ń kọ́ni. Wọ́n ti pẹ́ láyé débi tí irin fi lè rí àyè jẹ wọ́n. Àṣeyọrí wa ló bí ìṣòro yìí, a kò sì lè fi í sílẹ̀ lójú pópó.

Ọ̀nà tó sàn jù ni kí ẹ̀jẹ̀ tí a óò máa fà dín kù láti ìbẹ̀rẹ̀. Hydroxyurea, oògùn tó ń mú kí ara SS padà máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ inú oyún ń lò, ń dín kíráísìsì kù, ó sì ń dín ìgbà tí wọ́n nílò ẹ̀jẹ̀ kù. Lọ́dún 2016 ni ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà fi hàn pé àwọn ọmọ kan tó ti ń gba ẹ̀jẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán nítorí ewu rọpárọsẹ̀, tí iṣan orí wọn kò tíì bàjẹ́ púpọ̀, lè fi oògùn yìí rọ́pò ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ ìtọ́jú tó péye. Lọ́dún 2022, ìròyìn dé láti Kánò àti Kàdúná nílẹ̀ tiwa, níbi tí wọ́n ti fi oògùn náà dènà rọpárọsẹ̀ àkọ́kọ́ lára àwọn ọmọ SS tí iṣan orí wọn fi ewu hàn, níbi tí fífa ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù kò ti ṣeé ṣe. Iye rọpárọsẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín àwọn tó lo ìwọ̀n kékeré àti àwọn tó lo ìwọ̀n tó pọ̀ díẹ̀. Ohun tó yẹ kí inú Yorùbá dùn sí ni pé ilé iṣẹ́ Bond Chemical tó wà ní Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ń ṣe hydroxyurea nílé wa níhìn-ín ní owó tó rọjú. Oògùn tí wọ́n ń ṣe ní Awẹ́, kí ló dé tí a ó fi rí ọmọ SS ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ rí?

Àwọn ẹ̀yà wa tó wà lókè òkun ti rí ohun mìíràn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ SS ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ẹ̀rọ wà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ SS jáde bó ṣe ń fi ẹ̀jẹ̀ dónọ̀ rọ́pò rẹ̀, tó fi jẹ́ pé irin tó wọlé àti èyí tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba. Láti ọdún 2016 ni àjọ NICE, tó ń sọ irú ìtọ́jú tó yẹ fún ètò ìlera Gẹ̀ẹ́sì, ti fọwọ́ sí lílò rẹ̀ fún SS. Páìǹtì tó ń gbà pọ̀, kò sì rọrùn níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n bíi tiwa. Àpẹẹrẹ Bàhíà ló wù wá jù. Ìpínlẹ̀ yẹn ní Bùràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń dá òrìṣà wa mọ̀ dòní, ni fòníkú-fọ̀ladìde ti pọ̀ jù ní ilẹ̀ náà, nǹkan bí ọmọ kan nínú 650. Ọkọ̀ ẹrú ló gbé e débẹ̀; oríṣi àbínibí rẹ̀ kan tó wọ́pọ̀ níbẹ̀, orúkọ Benin ni àwọn onímọ̀ fún un, òun náà ló sì wọ́pọ̀ jù láàárín Yorùbá. Láti ọdún 2001 ni Bùràsíìlì ti fi àyẹ̀wò SS sínú èyí tí wọ́n ń ṣe fún ìkókó káàkiri orílẹ̀-èdè, ètò ìlera ìjọba wọn, SUS, sì ń fún àwọn tí irin wọn pọ̀ jù ní oògùn tó ń fà á jáde láìgba kọ́bọ̀. Bùràsíìlì kì í ṣe ìlú olówó bíi Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pinnu ni.

Òfin àjọ adójútòfò ìlera, NHIA, ti wà láti ọdún 2022, òfin àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ sì ti wà láti ọdún 2021. Àwọn ìpínlẹ̀ wa náà ní ètò adójútòfò tiwọn. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ wọn kò ṣòro kà: kí àyẹ̀wò fẹ́rítìn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún fún SS tó ti gba tó páìǹtì mẹ́wàá wà nínú ohun tí wọ́n ń san, kí hydroxyurea wà níbẹ̀, kí oògùn tó ń fa irin jáde wà níbẹ̀ fún ẹni tí dókítà ẹ̀jẹ̀ bá kọ ọ́ fún. Kí báńkì ẹ̀jẹ̀ má tú àpò sílẹ̀ fún SS láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sórí kàádì tí aláìsàn ń mú lọ sílé. Kí UCH, LUTH ní Èkó, àti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ifẹ̀ jókòó pọ̀, kí wọ́n fẹnu kò sí irú kàádì kan ṣoṣo, kí Ìlọrin lè ka ohun tí Ṣàgámù kọ. Bébà ni. Owó títẹ̀ ẹ́ kò tó owó àpò òfìfo tí wọ́n ń gbe ẹ̀jẹ̀ sí.

A kò ní dúró de àbá ìjọba kí èyí tó bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ òní, níbì kan láàárín Èkó sí Ìbàdàn, nọ́ọ̀sì kan á so àpò ẹ̀jẹ̀ kọ́ sórí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ kan. Kó tó ṣí i, kó bi ìyá ọmọ náà léèrè ìkelòó lèyí. Bí ìyá bá lè sọ ọ́, kó kọ ọ́. Bí kò bá lè sọ ọ́, kó yí ẹ̀yìn kàádì ọmọ náà padà, kó kọ “àkọ́kọ́ tí a kà” síbẹ̀, kó fi déètì sí i.